Ilẹ̀kùn Kan Ò Padé Nínú Ọkàn Bàbá Yín

Àkọ́bí mi, ẹni tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí kì í jẹ́ kí o gbọ́ wa. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé àwọn tó ń ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ ṣì ń wá? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé láìfarapa kò ní jẹ́ kí o farapa níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n ti bí ọ, ẹnu ọ̀nà tí o bá sì kàn, á ṣí fún ọ. Èmi ìyá rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, àbúrò rẹ obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé bá mi tún un ṣe, torí ó ti ń bi mí báyìí bóyá ó dáa ká kọ ti ariwo ìlú ńlá yẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

Ilé wà. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tí o ní o máa wá tún ṣe kò jò mọ́, ó ti wó. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan kú, èkejì ò gbọ́ràn. Télọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa ra ẹ̀rọ tuntun, ariwo rẹ̀ ló ń jí wa láràárọ̀. Àbúrò rẹ parí ilé ìwé girama, ó jókòó sílé, kì í sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń wo gbogbo wa bí ẹni tí wọ́n máa pè jẹ́rìí ní kóòtù lọ́la.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni ti bàbá yín. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, bàtà kankan ò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́ àfi sálúbàtà mi, òun náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ń rẹ́ pákó, wọ́n á rẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ìdajì tó kù bí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Wọn ò lè dùbúlẹ̀ sùn. Wọ́n ní tí àwọn bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé omi ń bo àwọn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ni wọ́n wà. Wọ́n wá kan àga kan fún ara wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, apá rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Mo ní ṣé wọ́n ti fi wọ́n jọba ni, èémí tí wọ́n máa fi bú mi ò tó.

Mo fa wọn lọ rí dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, kò dàgbà jù ọ́ lọ. Ó fi rọ́bà sí etí, ó gbọ́ àyà wọn níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n lọ ṣe ẹ́kò ọkàn ní ọsibítù ńlá. Èmi gbọ́ ọ sí ẹ̀kọ́. Inú mi dùn. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ẹnì kan kọ́ ọkàn yẹn lẹ́kọ̀ọ́, torí láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn ni mo ti ń gbìyànjú rẹ̀, kò gbà. Mo bi dókítà bóyá ẹ̀kọ́ náà máa pẹ́, ó ní rárá, wọ́n kàn máa dùbúlẹ̀ díẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ kọ́, èyí tó máa bá wọn lára mu nìyẹn. Mo ra ìwé kékeré kan àti bírò, mo kó o sínú báàgì wọn. Àbúrò rẹ mọ̀ pé mo ṣì í gbọ́, pé àwòrán ọkàn ni wọ́n ń pè ní ẹ́kò, kò sọ fún mi, ó jẹ́ kí n gbé ìwé àti bírò dé ọ̀hún. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun rò pé ó lè wúlò.

Kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé, nọ́ọ̀sì kan tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́. Ó ní ta ló sún mọ́ bàbá yín jù lọ. Mo ní èmi nìyí. Ó ní ti èmi ti wà lókè, ẹlòmíì ni òun ń wá. Mo rò ó dáadáa, torí mi ò fẹ́ purọ́ ní ọsibítù. Ọ̀dọ̀ rẹ, ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Télọ̀, ògiri kan ló wà láàárín àwa àti òun. Mo ní télọ̀ ni. Ó kọ télọ̀ sílẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ọsibítù bá fẹ́ sọ nípa ọkàn bàbá yín, télọ̀ ni wọ́n ń pè, télọ̀ á sì kígbe rẹ̀ sí wa láti orí ògiri, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Àbúrò rẹ ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù nìyẹn, ó ní ẹbí ni wọ́n ń bi wá, kì í ṣe ilé. Mo ní kó lọ mú ẹbí náà wá kó fọwọ́ sí i.

Yàrá tí wọ́n mú wa wọ̀ ṣókùnkùn, ó tutù bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tọ́jú ẹran síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ bébà lé, ẹ̀rọ kan dúró tì í, ojú rẹ̀ dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan tó ń ya àwòrán ní kí bàbá yín bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó fi nǹkan yíyọ̀ kan pa wọ́n láyà, wọ́n fò sókè torí ó tutù, ó wá mú irin kékeré kan tó ní okùn nídìí, ó ń fi tẹ̀ wọ́n láàárín egungun. Ni ọkàn bàbá yín bá yọ lójú ẹ̀rọ. Kò sí àwọ̀ lára rẹ̀, dúdú àti funfun ni, ó ń ṣí, ó ń padé bí ẹnu ẹja.

Kò sí ohun tí mo ní í pamọ́ fún ọ. Àwòrán ọkàn tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yà, ohun tó wà lọ́kàn bàbá yín ni mo rò pé a máa rí. Ṣebí ọkàn la fi ń fẹ́ràn èèyàn, ọkàn náà la sì fi ń di èèyàn sínú. Wọn ò sì tíì pe orúkọ rẹ láti ọjọ́ tí o fi bínú lọ. Mo ní ẹ̀rọ yìí ló máa bá mi yanjú ẹ̀. Mo sún mọ́ obìnrin náà, mo rọra sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ bá mi wò ó bóyá ọmọkùnrin gíga kan wà níbẹ̀ tó ní àpá níwájú orí. Ó ní, mama, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń kọjá níbí. Mo ní kó tún un wò. Ó tún un wò. Mo wá ara mi náà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń fọ ṣòkòtò wọn, mi ò sí níbẹ̀.

Ó fi ìka hàn mí pé yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Mo wo bàbá yín. Àwọn tó jẹ́ pé yàrá méjì ni wọ́n kọ́ fún wa, tí a há mọ́ ara wa níbẹ̀ títí ẹ fi dàgbà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin wà láyà wọn, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Obìnrin náà tẹ nǹkan kan, àwọ̀ pupa àti búlúù bá tú jáde. Mo ní ṣé búlúù yẹn ni àìsàn. Ó ní rárá, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ irin ọwọ́ òun ló ń pupa, èyí tó ń kúrò níbẹ̀ lọ ló ń di búlúù. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi mọ́. Tí àbúrò rẹ bá fi fóònù ránṣẹ́ sí ọ, ó máa ń fi àmì kéékèèké méjì hàn mí, ó ní tó bá ti di búlúù, o ti kà á. Ó ń di búlúù lóòótọ́, ọmọ mi. Kíákíá ló ń di búlúù. Mi ò tíì rí èyí tó pupa.

Dókítà wá wo àwòrán náà, ó ní ọkàn bàbá yín tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò, bóyá ti ẹlòmíì lẹ gbé jáde. Bàbá yín! Tí wọ́n bá fún èèyàn ní ìṣó, wọ́n á dúró tì í títí á fi kàn án tán kó lè dá èyí tó kù padà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ní kì í ṣe títóbi bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkàn tó ti rẹ̀ ló ń tóbi, ó ń fẹ̀ bí àpò tí wọ́n ki ẹrù sí jù, agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ti dín kù gan-an, òun ni omi fi ń jókòó sí wọn lẹ́sẹ̀ àti láyà. Ó ní ilẹ̀kùn kan tún wà lápá òsì, láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, kò padé mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú ń gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn.

Bàbá yín tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ dìde jókòó pẹ̀lú gbogbo nǹkan yíyọ̀ náà láyà. Wọ́n ní ta ló kan ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n ní ṣé hínjì ló bàjẹ́ àbí férémù. Dókítà náà fara balẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn gan-an kò ní àbùkù, yàrá ló fẹ̀, tó fa férémù ya, ni etí méjèèjì ò fi kan ara wọn mọ́. Bàbá yín mi orí wọn títí. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, férémù tó mu omi nìyẹn. Inú dókítà dùn pé òun rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Kò mọ̀ pé ó ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ó kọ oògùn fún wọn, ọ̀kan tó máa jẹ́ kí wọ́n máa tọ omi náà dànù, àti méjì tó máa mú ọkàn náà sinmi kó lè súnkì. Ó ní tó bá yá, kí wọ́n padà wá ya òmíì, kí òun gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ibẹ̀ ni òun máa ti mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ àbí òun máa pààrọ̀ rẹ̀. Tí yàrá náà ò bá kéré sí i, ọsibítù kan wà ní ìlú tí o wà tí wọ́n ti lè tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Ó ní kí wọ́n má fi falẹ̀, torí ọkàn tó bá ń fẹ̀ báyìí, ọjọ́ kan á kàn dúró ni. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo ní kí àbúrò rẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Bí a ṣe délé, bàbá yín ní férémù tó bá mu omi, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án nígbà òjò. Wọ́n ní tí èèyàn bá fá a nígbà òjò, ó máa yọ àlàfo tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Wọ́n ní kí á fi sílẹ̀, tí oòrùn bá mú, á padé fúnra rẹ̀. Wọ́n kó oògùn méjì dànù, èyí tó ń lé omi nìkan ni wọ́n ń lò, torí wọ́n ní òun ló jọ oòrùn. Ẹsẹ̀ wọn sì fọn díẹ̀ lóòótọ́, ni wọ́n bá ń na ẹsẹ̀ náà sí mi lójú ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ ọsibítù. Ṣùgbọ́n inú àga yẹn ni wọ́n ṣì ń sùn.

Àwòrán tí wọ́n fún wa, orí bébà kékeré ló wà, wọ́n gbé e sínú férémù. Ìwọ mọ férémù náà. Òun ni fọ́tò rẹ wà nínú rẹ̀, èyí tí o yà níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ tí àwọn ilẹ̀kùn irin tò sẹ́yìn rẹ. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò rí ojú rẹ lára ògiri mọ́, ọkàn bàbá yín ló wà níbẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ìyàwó télọ̀ wá kí wa, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ àbúrò rẹ, ó ní oṣù mélòó ni oyún náà, ta sì ni bàbá ọmọ. Ó rò pé ọlẹ̀ ni. Ó ti sọ ọ́ káàkiri kí a tó rí i mú. Àbúrò rẹ ò fẹ́ kọ èyí, mo ní kó kọ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dá bàbá yín dúró. O rántí ọjọ́ tí o gbé ilẹ̀kùn irin yẹn wá, tí wọ́n kùn ún kó lè jọ igi. O gbé e kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, níṣojú ẹni tó wá ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ wọn, o ní, "Bàbá, ẹ fi pákó sílẹ̀, ta ló tún ń ra ilẹ̀kùn igi?" O ń rẹ́rìn-ín. Ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ó sì lọ láìrà. Wọn ò bá ọ jà, mo mọ̀ pé ìyẹn ló bí ọ nínú tí o fi lọ. Ilẹ̀kùn náà wà lẹ́bàá ilé ewúrẹ́ títí di òní, ewúrẹ́ ló ń fi ara họ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Oníṣòwò ni wọ́n ń pè ọ́. Ṣé Oníṣòwò ti pè. Ṣé Oníṣòwò ti jẹun. Mo ní kí wọ́n pè ọ́ fúnra wọn, wọ́n ní àwọn ò ní ohun tí Oníṣòwò máa rà.

Nígbà tí télọ̀ wá kígbe láti orí ògiri pé ọsibítù ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ń retí wọn, pé kí wọ́n mú àwòrán àkọ́kọ́ dání torí èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn ti sọnù sínú ẹ̀rọ, bàbá yín ní àwọn ò lọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sunkún sí wọn lára. Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n ní, "Ṣebí a ní ẹni tó mọ ilẹ̀kùn jù wá lọ. Kó wá wo èyí fún mi."

O mọ̀ wọ́n. O mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn.

Lánàá, nígbà tí wọ́n ń tòògbé nínú àga, mo sọ férémù náà kalẹ̀ kí n lè yọ àwòrán ọsibítù sílẹ̀. Àbúrò rẹ ló yọ àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́tò rẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọkàn wọn ló wà, wọn ò ká a, wọn ò gé e, ojú rẹ kọ sí ẹ̀yìn àwòrán náà gbọọrọ. Mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí, mo gbé e sí wọn níwájú, mo ní kí ni èyí. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní gíláàsì yẹn ò fún, bébà ọsibítù fẹ́lẹ́ jù, ó nílò nǹkan líle tó máa tì í kó má mì, èyí tó wà nítòsí ni àwọn lò. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Wọ́n ní, "Ẹ tún un kàn bó ṣe wà."

Bóyá òótọ́ ni. Iṣẹ́ wọn ni, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi ń ti gíláàsì. Bóyá ohun tí ẹ̀rọ yẹn ò rí ni, torí iwájú nìkan ló ń wò. Èmi ò mọ̀. Mo ti bi wọ́n tán, ó kù sọ́wọ́ ìwọ àti bàbá rẹ. Wá bi wọ́n.

Bó o bá rí lẹ́tà mi, o ti máa ń mọ̀ pé owó ni mo máa fi parí rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kan yìí náà, owó ni. Ó wà nínú àpòòwé yìí, mo ká a sínú bébà kí awakọ̀ tó ń bá mi gbé e wá má baà rí i. Ó ti tó ìgbà mélòó tí o ń sọ pé ọkọ̀ wọ́n, pé owó ọkọ̀ ni ò jẹ́ kí o lè wá, mo sì ti ta ewúrẹ́ tí kò gbọ́ràn yẹn. Owó wíwá nìkan ni mo rí. Ti pípadà, bàbá rẹ ni kí o tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá wà, wọ́n á fún ọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkàn tìrẹ tóbi bẹ́ẹ̀. Kó má fẹ̀ ju agbára rẹ lọ, kó má sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nínú rẹ, kó máa ṣí lásìkò, kó máa padé lásìkò. Kí àwọn ọmọ tí o máa bí wà nítòsí débi tí wọn ò ní fi orúkọ télọ̀ sí fọ́ọ̀mù rẹ. Àṣẹ.

Lẹ́tà yìí ò ní àmì búlúù. Mi ò ní mọ̀ pé o ti kà á, àfi tí mo bá rí ọ lẹ́nu ọ̀nà kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.